Owó Gbà-Má-Bínú: Ìtàn Ilẹ̀ Tí Ìjọba Gbà Lọ́wọ́ Onílẹ̀

  Àwọn olóòtú ìwé wa ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, wọ́n sì ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo mú. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti di onílẹ̀ àti onílé. Ẹlòmíràn jogún oko kòkó, ẹlòmíràn fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé sí ẹ̀bá títì, ẹlòmíràn ra púlọ́ọ̀tì méjì, kò sì tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìjọba kò lè wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí lọ́la.

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó tó ń san ni à ń pè ní owó gbà-má-bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ẹni tó ra ẹran lọ́wọ́ yín kì í ní kí ẹ gbà, kí ẹ má bínú. Iye ẹran ló ń san. Ẹni tó tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń ní kí ẹ má bínú. Ìbéèrè tí ìtàn yìí dá lé lórí nìyẹn: ṣé iye ilẹ̀ ni ìjọba ń san ni, àbí ó kàn ń bẹ̀ wá? Olóyè kan ní Èkó gbé ìbéèrè yìí dé Lọ́ńdọ̀nù ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì gba ìdáhùn tó dáa. Ó yẹ kí àwa tí a wá lẹ́yìn rẹ̀ béèrè ibi tí ìdáhùn náà wọlẹ̀ sí.

Olóyè Olúwa àti ilẹ̀ Àpápá

Ẹ ó rántí láti inú ẹ̀kọ́ ìtàn wa pé Oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó kan nínú ìjọba ti ń rò pé gbogbo ilẹ̀ Èkó ti di tàwọn. Ṣùgbọ́n ọba Èkó kọ́ ló ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí ìtàn sọ pé wọ́n ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Olófin, ni wọ́n ń ṣe olórí ilẹ̀ fún ẹbí àti àwọn èèyàn wọn. Ohun tí Dòsùnmú kò ní, kò lè fi í tọrẹ.

Ní ọdún 1913, ìjọba fẹ́ ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Àpápá yẹn náà ni wọ́n wá kọ́ èbúté ọkọ̀ òkun sí lẹ́yìn náà, èyí tó ń gbé ẹrù orílẹ̀-èdè yìí títí dòní. Òfin wà tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, Public Lands Ordinance ti ọdún 1903. Òfin náà sọ pé bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, olóyè àgbà ibẹ̀ lè tà á pátá fún ìjọba, ohun yòówù tí àṣà ìbílẹ̀ ì báà wí. Olóyè tó ni Àpápá ni Olúwa, Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ. Kò bá ìjọba jà pé kí wọ́n má gba ilẹ̀. Iye tí wọn yóò san ló gbé e lọ sí kóòtù.

Adájọ́ àgbà ní Èkó wò ó, ó ní Olúwa kì í ṣe onílẹ̀. Ó ní alábòójútó lásán ni, ẹni tí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún. Nítorí náà, àǹfààní tí ó ń rí gbà yẹn nìkan ni kí wọ́n díye lé, kí wọ́n má díye lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kóòtù tó ga jù ú lọ níhìn-ín náà fara mọ́ ọn. Ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀, Olúwa ni olóyè tó lè tà á pátápátá. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n ní kò ní in!

Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti pẹjọ́ níwájú Privy Council, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Kò dá lọ. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni Macaulay fúnra rẹ̀, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, bàbá rẹ̀ ló sì dá CMS Grammar School ti Èkó sílẹ̀ ní 1859. Ẹ ò rí i pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tipẹ́! Ọ̀pá àṣẹ Elékò, ọba Èkó, ló mú dání lọ.

Ní Oṣù Keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ wọn. Nǹkan mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Èkíní, pé bí ilẹ̀ kan bá yí ọwọ́ ìjọba padà, ìyẹn nìkan kò sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ ti parẹ́. Èkejì, pé kí àwọn adájọ́ má ṣe fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn èèyàn dúdú; níhìn-ín, àwùjọ tàbí ẹbí ló ni ilẹ̀, olóyè sì ń dì í mú fún wọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó kan àpò: kí wọ́n san owó fún Olúwa, nítorí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ilẹ̀ gan-an lé ìjọba lọ́wọ́, kì í ṣe bí ẹni tó ń pàdánù ìṣákọ́lẹ̀ lásán.

Ìdájọ́ yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sọ̀rọ̀ nípa ipò Elékò, ọ̀rọ̀ náà sì bí ìjọba Èkó nínú. Wọ́n ní kí Elékò Èṣùgbàyí rán agogo yí ìlú ká pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́. Kò ṣe é. Wọ́n gba owó oṣù rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò kà á sí olórí mọ́. Ní 1925 wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà sílé títí di 1931. Owó ilẹ̀ tí à ń sọ yìí, ẹnì kan lọ sí ìgbèkùn nínú rẹ̀.

Ohun tí òfin àtijọ́ ń kà

Ní àkókò tí ẹjọ́ Olúwa ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ṣe òfin mìíràn ní 1917, Public Lands Acquisition Ordinance. Òfin yìí ló wà títí dé ìgbà òmìnira àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun méjì nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Àkọ́kọ́, iye tí ilẹ̀ lè mú wá lọ́jà ni wọ́n fi ń díye lé e. Èkejì, bí ó bá jẹ́ apá kan ilẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ìpalára tó bá apá tó kù pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi oko ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní bàbá kan ní éékà mẹ́fà ilẹ̀ kòkó. Títì kọjá láàárín rẹ̀, ó mú éékà méjì lọ. Éékà mẹ́ta wà lápá kan, éékà kan wà ní òdì kejì títì, kò sí ọ̀nà dé ibẹ̀ mọ́, omi títì sì ń ya wọ inú rẹ̀. Kí ni bàbá yìí pàdánù? Ọmọdé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sọ pé éékà méjì. Òfin 1917 mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Éékà kan tó wà lódì kejì kò ní ìwúlò tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà òun náà wọ inú ìṣirò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Òfin lè dáa kí owó má tó. Ní ọdún 1955, LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó láti tún ibẹ̀ kọ́. Wọ́n san owó fún àwọn onílé, wọ́n sì ní wọ́n lè padà ra ilẹ̀ wọn tí ó bá yá, ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò fi rà á ga ju iye tí wọ́n gbà lọ. Ilé ẹbí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí ogún èèyàn bá pín owó ilé kan, ta ni yóò rí owó ra púlọ́ọ̀tì padà? Ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Sùúrùlérè, wọ́n jìnnà sí ọjà àti sí ará ilé. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀.

Ọdún 1978: ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gómìnà

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní ọdún 1978 yóò rántí ariwo tó sọ. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta ọdún náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ jáde, Land Use Decree, èyí tó di Land Use Act. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Èrò náà kì í ṣe tuntun fún àwọn ará Àríwá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ fún wọn ní 1910, ìjọba Àríwá sì tún un ṣe ní 1962. Àwa tí a wà ní Gúúsù, tí Olúwa gba ẹjọ́ fún, ni ó jẹ́ tuntun sí.

Àwọn tó ṣe òfin náà ní ìdí tiwọn. Ìjọba fẹ́ kọ́ títì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ nígbà tí owó epo wọlé, àwọn onílẹ̀ sì ń gbé owó ilẹ̀ sókè bí ẹní gun igi àgbọn. Ẹlòmíràn ta ilẹ̀ kan fún èèyàn mẹ́ta. Kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́, àwa Yorùbá náà mọ ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà ṣe sí owó gbà-má-bínú.

Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún ohun tó kan gbogbo ìlú, ohun mẹ́ta ni òfin ní kí ó san owó rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún náà ni wọn yóò dá padà, bí ẹ bá san án rárá. Ní ti ilé, iye tí yóò ná wọn láti kọ́ irú rẹ̀ ni wọn yóò ṣírò, wọn yóò wá yọ ti ogbó kúrò níbẹ̀. Ní ti irè oko, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi sí i ni. Ó parí.

Ẹ tún un kà. Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè san owó ilẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn ìdájọ́ rẹ̀, òfin tí ọmọ ilẹ̀ wa fúnra wọn ṣe ní ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni kí wọ́n san owó rẹ̀. Ibi tí ìdáhùn yẹn wọlẹ̀ sí nìyẹn. Òyìnbó ní Olúwa kò ní ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Òfin 1978 sọ gbogbo wa di ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ apá kan ni wọ́n gbà ńkọ́?

Ẹ padà sí oko bàbá wa eléékà mẹ́fà. Lábẹ́ òfin 1978, igi kòkó tó wà lórí éékà méjì tí títì mú lọ ni wọn yóò kà. Éékà kan tó há sí òdì kejì? Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìpalára tó bá apá tó kù, èyí tí òfin 1917 mọ̀ dáadáa, kò sí nínú ti 1978.

Ní ìgboro, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ fẹ títì. Wọ́n gé ìyàrá méjì iwájú ilé kan tí bàbá ẹnì kan kọ́ ní 1952, àwọn ìyàrá tí ìyá rẹ̀ ti ń ta ọjà, tí àwọn ayálégbé sì ti ń san owó. Ilé ti gbó, nítorí náà ògiri rẹ̀ kò ní iye lórí lójú òfin. Owó ọjà tó dúró kò sí nínú ìṣirò. Owó ayálégbé tó kó lọ kò sí níbẹ̀. Ògiri tó là nígbà tí kátápílà ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ilé tó kù kò fi ṣe é gbé mọ́, ẹ ó bá wọn jà kí wọ́n tó kà á. Òfin tiẹ̀ ní bí ó bá jẹ́ ilé gbígbé, gómìnà lè fún onílé ní ibòmíràn dípò owó; ṣùgbọ́n bí ibòmíràn náà bá níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tó fi lé e di gbèsè sí onílé lọ́rùn.

Ẹ má sì gbàgbé Màrókò. Ní Oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó gbogbo àdúgbò yẹn palẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn láti kó jáde. Iye tí gbogbo èèyàn máa ń dá fún àwọn tó pàdánù ilé níbẹ̀ tó 300,000. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé, ẹni tí kò sì ní ìwé, òfin kì í tètè rí i.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Gbogbo ilẹ̀kùn kọ́ ló tì. Òfin ìlú ti ọdún 1999, nínú ìpín kẹrìnlélógójì, sọ pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ gba dúkìá ẹnikẹ́ni láìsan owó rẹ̀ kíákíá, ó sì fún onídùúkìá ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí kóòtù lórí iye owó náà. Òfin 1978 ní tirẹ̀ ní kóòtù kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó tó tàbí kò tó. Òfin méjèèjì yìí ń wo ara wọn bí ológbò àti eku, inú àlàfo àárín wọn ni àwọn lọ́yà ti ń jà fún oníbàárà wọn. Òfin 1978 kan náà tún sọ pé bí ìjọba bá pẹ́ kó tó san owó ilé, kí ó fi èlé bánkì lé e. Kò pọ̀ nínú wa tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kóòtù tó ga jù lọ tún ti sọ ọ́ ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, pé ìjọba kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kí ó gbé e fún ẹlòmíràn fún èrè ara rẹ̀, kí ó wá pè é ní iṣẹ́ ìlú. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìwé lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, ilé àti ṣọ́ọ̀bù wó, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní. Ìbéèrè Olúwa ló padà dé: kí ni ẹ ní, kí ni ẹ fi hàn pé ẹ ní in?

Kí la óò wá ṣe? Ìtàn ni mo wá sọ, ṣùgbọ́n ìtàn tí kò kọ́ni lọ́gbọ́n, àlọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ ya pílánù ilẹ̀ yín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ń kà, ẹ kà á ṣáájú wọn: ẹ ka igi kòkó, ọ̀pẹ, obì àti ọsàn, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ilé, kànga àti ọgbà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ jọ yan ẹni tí yóò gba owó, kí gbogbo ẹ̀ka sì fọwọ́ sí i, nítorí olórí àwùjọ ni òfin lè fi owó náà lé lọ́wọ́, ìjà ibẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba owó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ dídíyelé ilé àti ilẹ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀ tó kù mi kan ilé ẹ̀kọ́ wa. Ilẹ̀ tó dúró lé, ẹ̀bùn ni. Àwọn ẹbí tó yọ̀ǹda rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi kàwé. Títì ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún, pápá ìṣeré wa sì wà létí rẹ̀. Bí wọ́n bá gé pápá yẹn lọ́la, ilẹ̀ òfìfo ni òfin yóò pè é. Kò sí ilé lórí rẹ̀, kò sí kòkó. Ibi tí a ti sáré, tí a ti ṣubú, tí a ti gba ife-ẹ̀yẹ, kò ní iye kankan lórí nínú ìṣirò wọn. Mo rọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n wá pílánù ilẹ̀ náà rí kí ọdún tó parí, kí wọ́n wò ó bóyá C of O wà, kí wọ́n sì mọ odi yí i ká, nítorí odi wà lára ohun tí òfin ń san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá dá owó rẹ̀ fún wa, ẹ jẹ́ ká tètè san án. Àwọn tó fún wa nílẹ̀ kò béèrè gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kí ilẹ̀ náà tọwọ́ wa bọ́.